Kónílé-ó-gbélé ti parí tipẹ́, àyà mi ò tíì yé já: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ èyí ti fẹ́ kọjá agbára mi. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Kí kòrónà tó dé, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa bẹ̀rù èrò. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà bá ti Èkó wá, àárín wọn ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ohùn mi á ti há kí n tó délé, inú mi á sì máa dùn.

Ìgbà tí wọ́n wá ní kónílé ó gbélé ní 2020 (ẹ rántí pé Èkó àti Àbújá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tiwa ní Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin), ọkọ mi há sí òkè ọya, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta la jọ wà nínú yàrá méjì. Fóònù ni mò ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, iye àwọn tó ti kó o lónìí, iye àwọn tó ti kú, fídíò ibojì ní Ítálì. Mo máa ń fi omi ọṣẹ fọ owó náírà, màá sá a sórí okùn bí aṣọ. Ọmọ mi kan bá wúkọ́, oorun mi ti lọ nìyẹn.

Wọ́n ṣí ìlú, mo ní ó ti tán. Kò tán o. Mo bá ti dé Kútọ̀ tí èrò sì pọ̀, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, èémí ò ní tó mi, ojú mi á ṣú bí ẹni tó fẹ́ dákú. Inú orí mi á gbóná, nǹkan á máa rìn níbẹ̀ bí èèrà. Oṣù kejì 2023 tí owó dàwọ́n tí gbogbo wa ń tò sí báńkì, orí ìlà ni mo wà tó fi dé, èèyàn méjì ló gbé mi jáde lọ jókòó sábẹ́ igi. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi jókòó ti ọjà, èmi wà nílé. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n lọ sí Aro, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò purọ́. Ṣé ibi tó burú dé nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Adátán

Ah, ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ò dá wà rárá. Tèmi ò tiẹ̀ ṣe bíi tiyín, oorun ni tèmi. Láti ìgbà yẹn, aago méjì òru ni ojú mi máa ń là, màá wá máa gbọ́ bóyá àwọn ọmọ ń mí. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́wàá báyìí o, mo ṣì ń dìde lọ gbé etí sí wọn nímú. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, ṣé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi sílẹ̀ ni? Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa sọ.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ yẹn, mo rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní panic attack. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí nígbà míì téèyàn bá ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun, ìdajì ẹ̀rù ẹ̀ ti lọ.

Ara wa ní ohun tó fi ń sá fún ewu. Tí ajá bá lé ọ, o ò ní jókòó ronú, àyà rẹ á ti kọ́kọ́ já, ọkàn á máa sáré, èémí á yá, kí ẹsẹ̀ lè ní agbára sá lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ń sọ fún wa láàárọ̀ lálẹ́ nígbà kónílé-ó-gbélé: èèyàn ẹgbẹ́ rẹ ni ewu, má sún mọ́ ọn, má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ nígbà náà. Ara rẹ gbọ́, ó sì gbà á. Nígbà tí ìlú ṣí, kò sẹ́ni tó lọ sọ fún ara rẹ pé ó ti lè sinmi. Ó bá rí èrò ní Kútọ̀, ajá ló rí.

Èémí tó dà bíi pé kò tó ọ, mímí yáyá jù ló fà á, òun náà ló ń fa òòyì àti ọwọ́ gbígbọ̀n. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, má sáré kúrò níbẹ̀ tí ibẹ̀ bá láàbò. Fìdí tì nǹkan. Fi imú fa èémí sínú, ka 1 dé 4. Wá fi ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀, ka 1 dé 6, kí ìtújáde gùn ju ìfàsínú lọ. Ṣe é fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani gan-an, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ kì í pani.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n wá nǹkan 5 tí ojú wọn rí, 4 tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, 3 tí wọ́n gbọ́, 2 tí wọ́n gbóòórùn, 1 tí wọ́n lè tọ́ wò. Ìwọ tiẹ̀ rí ṣe, aláṣọ ni ọ́. Fọwọ́ pa àdìrẹ rẹ, gbóòórùn aró, ka ìlà tó wà lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ńṣe ni ọkàn á padà wá síbi tí ara wà.

Mo fẹ́ bi ọ́: ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá ó tó, àti tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn? Méjèèjì lè mú kí àyà máa já. Ṣé o ń jẹ obì? Ṣé o ń mu kọfí tàbí àwọn ọtí agolo tó ń lé oorun? Dín gbogbo ẹ̀ kù. Ẹlòmíì tó bá ń ka ibí, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àyà ń dùn ún tàbí tí èémí ò tó o, má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àyẹ̀wò fún ara rẹ, ọsibítù ni kó o kọ́kọ́ lọ.

Oníkẹ̀kẹ́ Lafẹnwá

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi o torí àwọn ọkùnrin kì í sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tì wá mọ́lé tó jẹ́ ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ọjọ́ kan ni wọ́n ń jẹ́ ká jáde, aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kí ni oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ pa níbẹ̀, owó kẹ̀kẹ́ tí mo ń san díẹ̀díẹ̀ kò dúró, pálíàtífù tí wọ́n ní wọ́n ń pín kò dé àdúgbò wa, ìyàwó mi wà nínú oyún, mo bẹ̀rẹ̀ sí mu paraga láàárọ̀ kí n lè yé ronú, mo tún wá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ọmọ jàǹdùkú ń bọ̀, wọ́n ní wọ́n ti dé Ọ̀tà, wọ́n ti dé Ifọ̀, ńṣe là ń jókòó ní ìta títí ilẹ̀ fi ń mọ́ tí a ń dáná táyà, láti ìgbà yẹn tí mo bá gbọ́ ariwo lóru ara mi ti le nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n lọ ra fáàlíọ̀mù ní kẹ́mísì, mo rà á, wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan, mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹyọ kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, mo ń lo mẹ́ta, mo sì ń fi paraga lé e. Ọjọ́ kan mo ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ mo sùn lórí ọwọ́ ìdarí. Ọlọ́run ló yọ mí àtàwọn èrò mẹ́ta tí mo gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun fúnra yín. Ẹ má dẹ̀ dá a dúró lójijì tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, mo gbìyànjú ẹ̀, ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Dókítà ló bá mi dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ ọ́ síta. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Fáàlíọ̀mù pẹ̀lú ọtí lè dá èémí dúró, dídá a dúró lójijì sì lè fa gìrì. Àtiyé lò ó gan-an, dókítà ló yẹ kó mójú tó o.

Ayé Le

Ẹ má bínú o, gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ẹ ti wádìí ilé ọkọ ni? Nǹkan tó ń rìn nínú orí bí èèrà, ọwọ́ ayé ni. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, omi pàápàá ẹ má mu.

Ìyàwó Pásítọ̀

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ lórí èyí. Ìyàwó pásítọ̀ ni mí, mo sì gbàgbọ́ nínú àdúrà ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Nínú ìjọ tí a wà tẹ́lẹ̀, arábìnrin kan wà tó jẹ́ ohun tí wọ́n sọ fún un gan-an nìyí, ó gbààwẹ̀ títí ó fi dákú, inú ẹ̀ bà jẹ́ sí i torí ó rò pé àìnígbàgbọ́ òun ni kò jẹ́ kí ara òun yá. Ẹni tí àyà ń já, tí kò rí oorun sùn, ẹ tún wá gba oúnjẹ àti omi lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ bá a gbàdúrà, kó jẹun, ẹ sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àti orí tó ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú ẹ̀ yẹn, dókítà tó tọ́jú arábìnrin náà sọ fún wa pé bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe máa ń sọ ìdààmú ọkàn gan-an nìyẹn, àwọn dókítà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá ilé ọkọ yín rú, àǹtí mi.

Ọmọ Ẹ̀yìn Aro

Àǹtí aládìrẹ, ọ̀rọ̀ Aro yẹn ló ká mi lára jù, torí àdúgbò yẹn ni mo dàgbà sí, mo sì ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ fúnra mi. Mo mọ ohun tó mú yín sunkún. Nílùú wa, téèyàn bá ti ṣe nǹkan tí kò bá ojú mu, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Aro. A ti fi orúkọ ibẹ̀ ṣe èébú títí a fi gbàgbé ohun tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Adéoyè Lambo. Ó kàwé nípa àìsàn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé, nígbà tó sì di 1954 tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Aro, kò ní kí wọ́n máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn á mú ìbátan ẹ̀ kan dání, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, wọ́n á gba yàrá lọ́dọ̀ ará abúlé, á máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, á tún máa bá wọn lọ sí oko, á bá wọn jẹun, á bá wọn ṣe ọdún. Àwọn babaláwo àtàwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Káàkiri ayé ni àwọn dókítà ti wá wo ohun tí àwọn baba wa ṣe níbí, ọkùnrin náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lọ́kàn tèmi o, kò sí ohun tí Abẹ́òkúta ṣe tó yẹ ká fi yangàn tó ìyẹn. Òun la wá ń fi bú ara wa.

Èmi náà, lẹ́yìn kòrónà ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo pàdánù bàbá mi lóṣù keje 2020, èèyàn díẹ̀ ló bá wa débi ìsìnkú, a ò lè ṣe òkú bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó gbá mi mọ́ra. Mo kàn ń bá ìgbésí ayé lọ, àfi ìgbà tó yá tí mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Nígbà tí mo lọ sí Aro, mo fi ìborùn bojú. Mo dé ibi tí àwọn tó ń wá tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà ń jókòó sí, mo rí tíṣà, mo rí ọlọ́pàá, mo rí ìyá oníwòsí kan tó gbé àtẹ ẹ̀ dání, mo rí ọmọ yunifásítì. Mo ṣí ìborùn. Wọn ò dè mí, wọn ò dá mi dúró. Ẹnì kan jókòó, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi tán, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú kò sẹ́ni tó ṣe ìyẹn fún mi rí. Oògùn tí wọ́n fún mi tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, kí ẹ má lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ ní kò dáa. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ mú oúnjẹ dání torí èrò máa ń wà, ẹ mú ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán lọ.

Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kìíní 2023 tiẹ̀ sọ pé ẹni tó ń gba irú ìtọ́jú yìí ní ẹ̀tọ́ bíi ti gbogbo aláìsàn yòókù. Òfin ayé àwọn òyìnbó la ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó ń pè wá ní wèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Camp

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. FUNAAB ni mo wà, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí. Ní tiwa, kòrónà pàdé ìyanṣẹ́lódì, àwọn olùkọ́ yan iṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta 2020 títí dé oṣù kejìlá, wọ́n tún wá yàn án ní 2022 fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí a padà, mi ò lè wọ kíláàsì tó ní èèyàn igba nínú, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Olùgbani-nímọ̀ràn kan ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ní bí mo ṣe ń sá fún kíláàsì yẹn, ńṣe ni mò ń fún ẹ̀rù náà lóúnjẹ, torí gbogbo ìgbà tí mo bá sá, ara mi á sọ pé ẹ ò rí i, ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo kàn lọ jókòó sínú kíláàsì náà nígbà tí kò sí ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìjókòó ẹ̀yìn nítòsí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 20. Tí àyà mi bá já, mi ò ní jáde títí á fi rọlẹ̀ díẹ̀, èyí ṣe pàtàkì. Ó tó oṣù méjì àbọ̀ kí n tó jókòó láàárín, ọ̀sẹ̀ kan sì wà tí mo tún padà sẹ́yìn pátápátá.

Àǹtí, ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Ìtòkú. Ẹ lọ láago méje àárọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, ẹ padà sílé. Ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Mo tún yọ ara mi kúrò nínú gbogbo WhatsApp tí wọ́n ti ń gbé ìròyìn ikú kiri.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ dáadáa. Òun gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ fi èyí kún un: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù kẹta 2022 pé lọ́dún àkọ́kọ́ kòrónà, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ìdá 25 nínú 100 lé sí i káàkiri ayé, àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn obìnrin ló sì kàn jù. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ilé ọkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, ìwọ náà gbọ́ tìrẹ. Aago kan náà ni kó o máa jí láràárọ̀, bí oorun tiẹ̀ burú lóru. Má fi fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Tó o bá dìde lọ wo àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó o tó padà lọ sùn sọ fún ara rẹ pé o ti wò wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dúró sẹ́nu ọ̀nà, má wọlé.

Ẹni tó bá ń ka ibí yìí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá àyà jíjá, tó ń rò ó pé ikú yá ju ayé yìí lọ, jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan lónìí, má dúró dọ̀la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, ẹ má bá a wí, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bẹ̀ yín.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi létí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun náà kì í sùn láti ìgbà tí òun ti há sí òkè ọya yẹn, kò sọ ọ́ fún mi rí.

Ẹ̀jẹ̀ mi ló kéré díẹ̀, wọ́n ti fún mi ní oògùn. Mo ti fi obì sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ orí fọ́ mi. Mo ti lọ sí Ìtòkú lẹ́ẹ̀mẹ́rin láago méje. Ọjọ́ kejì, ó dé, mo fìdí ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo di àdìrẹ ìyá mi kan mú, mo ń ka ìlà ara ẹ̀, mo ka dé mọ́kànlélógún kó tó rọlẹ̀. Mi ò sá lọ. Ọjọ́ kẹrin, mo ta ìró méjì.

Mo ti pinnu láti lọ sí Aro. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni, ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ìyá Ìbejì Adátán

Ẹ dúró dè mí ní Sapọn láago méje, màá bá yín lọ. Màá gbé mọ́ínmọ́ín dání.